Ṣé Ó Ṣeé Ṣe Láti Sọ Sienna Di Fò-Wíìlì?

Nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwọn onímọ́tò àdúgbò wa ní Ọbáńtokó. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó gun òkè láti ojú títì wọ inú àdúgbò yóò ti máa yọ̀ bí ilá. Sienna tó kó èrò méje yóò gùn ún dé ìdajì, táyà iwájú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, yóò máa da ẹrẹ̀ sókè, ọkọ̀ náà yóò sì máa yọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan ni bàbá kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mẹkáníìkì kan pé Sienna àwọn ṣeé sọ di fò-wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé ṣáàfù kan péré, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, ni wọn yóò fi kún abẹ́ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ náà kò ní gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bàbá náà wá bi mí bóyá òótọ́ ni.

Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àtẹ̀gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àtẹ̀gùn síwájú ilé ilẹ̀ kò tíì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nítorí pé kì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé ó yẹ kí n là á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Táyà wo gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń yí?

Táyà mẹ́rin ni ó gbé mọ́tò ró, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dé. Nínú irú Sienna tó kún gáréèjì Kútọ̀, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ ní ìbú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fara ti ara wọn. Ṣáàfù kúkúrú méjì jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì náà, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, àwọn ni wọ́n sì ń yí táyà iwájú. Iṣẹ́ táyà ẹ̀yìn kò ju pé kí wọ́n ru ẹrù, kí wọ́n tẹ̀lé iwájú, kí wọ́n sì dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ wo ẹni tó ń fa ọmọlanke lọ́jà Láfẹ́nwá: ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú ni ó ń ṣiṣẹ́, táyà ọmọlanke kàn ń yí tẹ̀lé e ni.

Kì í ṣe ahun ni ó mú kí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ilẹ̀ inú ọkọ̀ yóò lè sún mọ́ títì, àyè yóò gba ìlà ìjókòó mẹ́ta, ọkọ̀ yóò fúyẹ́, epo tó ń mu yóò sì dínkù. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn Sienna nìyẹn.

Kí ló dé tí òkè fi ń ṣòro fún un?

Bí táyà yóò ṣe di ilẹ̀ mú dá lórí ohun méjì: irú ilẹ̀ àti irú táyà tó pàdé ara wọn, àti bí ohun tó tẹ táyà náà mọ́lẹ̀ ṣe wúwo tó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kò sí ìyọnu, nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n wúwo jù lọ wà lórí táyà iwájú tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjú sókè, ìwúwo yóò sún sẹ́yìn. Bí a bá tún wá kó èrò sí ìlà kejì àti ìkẹta, tí a sì di àpò gàrí mẹ́rin sí bọ́ọ̀tù, táyà ẹ̀yìn tí kò ń ṣiṣẹ́ ni yóò gba ẹrù náà, tí iwájú yóò sì fúyẹ́. Ẹni tó pọn ọmọ tó ń gun òkúta Olúmọ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kí ọmọ má baà fa òun sẹ́yìn. Mọ́tò kò ní ìbàdí tí yóò fi tẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí àwọn awakọ̀ àgbà kan tí wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn gun òkè ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni wọ́n ń lò. Bí ọkọ̀ bá fi ẹ̀yìn kọ òkè, táyà iwájú ni yóò wà nísàlẹ̀, ìwúwo yóò sì sún wá sórí táyà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mo ti rí Sienna tó kọ̀ láti fojú gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta, tó fi ẹ̀yìn gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò rí i pé ẹnìkan wà níta tó ń darí òun, kí ó sì kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà.

Ìṣòro kejì wà nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dífù, ìyẹn àkójọ gíá tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Kò sí bí a kò ṣe ní nílò rẹ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà tó wà lóde kọ́nà ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ, dífù ni ó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan yí ju èkejì lọ láìjà. Ṣùgbọ́n dífù tiwa yìí dà bí ìyá tó ti búra pé ọgbọọgba ni òun yóò máa bu oúnjẹ fún ọmọ méjì: bí ọmọ tó ń ṣàìsàn kò bá lè jẹ ju ṣíbí kan lọ, ṣíbí kan náà ni èyí tí ara rẹ̀ le yóò rí jẹ. Táyà tó wà nínú ẹrẹ̀ kò lè gba agbára kankan ṣiṣẹ́, nítorí náà èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle náà kò ní rí nǹkan kan gbà. Ọ̀kan yóò máa yí bí ìjì, èkejì yóò dúró bí ère.

Fò-wíìlì àti AWD, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ẹnu wa ti mọ́ pípe gbogbo rẹ̀ ní fò-wíìlì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Fò-wíìlì gidi, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ Hilux, ní ọwọ́ gíá tàbí bọ́tìnnì kan tí awakọ̀ yóò fi so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn nígbà tó bá dé inú ẹrẹ̀, tí yóò sì tú u nígbà tó bá dé orí ọ̀dà. Dandan ni kí ó tú u, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀ láti fi bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí, ọkọ̀ yóò máa bá ara rẹ̀ jà títí ohun kan yóò fi kán.

AWD (all-wheel drive), gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kò dúró de awakọ̀. Ohun kan wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, yálà dífù kẹta tàbí ohun èlò kan tó ń di ṣáàfù mú tí ó sì ń tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ kí ìyàtọ̀ ìrìn táyà máa lọ láìjà. Audi Quattro tó jáde ní 1980 ni ó sọ irú ètò yìí di ohun tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Ní ti Sienna, èyí tí wọ́n tà láti 1998 dé 2003 kò ní AWD rárá. Láti 2004 dé 2020 ni wọ́n ń ṣe irú méjèèjì fún Amẹ́ríkà, pàápàá nítorí àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bo ọ̀nà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: epo àti iná mànàmáná ni ó ń lò, AWD rẹ̀ kò sì ní ṣáàfù gígùn kankan lábẹ́, mọ́tò oníná kan lọ́tọ̀ ni ó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi ìyẹn wé èyí tí à ń sọ o.

Kí ló wà lábẹ́ Sienna AWD tí kò sí lábẹ́ tiwa?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ṣáàfù kan péré ti já. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Gíábọ́ọ̀sì Sienna tiwa kò ní ẹnu kankan tí agbára lè gbà jáde sí ẹ̀yìn. Ti AWD yàtọ̀: wọ́n so àpótí gíá mìíràn mọ́ ọn, iṣẹ́ àpótí náà sì ni láti gba agbára tó ń yí ní ìbú ọkọ̀, kí ó yí i sí òòró, kí ó lè kọjú sẹ́yìn. Nítorí náà gíábọ́ọ̀sì ni a ó kọ́kọ́ pààrọ̀, ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì rí mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó ìṣòro.

Lẹ́yìn èyí ni ṣáàfù gígùn tí à ń pè ní pòròpẹ́là. Kì í ṣe irin kan gbọọrọ. Wọ́n gé e sí ègé, wọ́n fi oríkèé so ó pọ̀, bẹ́rìn tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó sì gbé e ró láàárín. Ó parí sínú dífù ẹ̀yìn, níbi tí ṣáàfù kúkúrú méjì mìíràn ti jáde sí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tiwa, ìyẹn ibi tí táyà ti so mọ́ ọkọ̀, kò sì ní ihò tí ṣáàfù lè wọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó retí pé ṣáàfù kankan yóò dé ibẹ̀. Họ́ọ̀bù àti irin tó gbé wọn dání ni a ó tún wá.

Ọ̀rọ̀ ààyè ni ó tẹ̀ lé e. Sàlẹ́ńsà àti tànkì epo gbọ́dọ̀ yẹra fún ohun tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rí pé ààyè há níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe Sienna AWD fúnra wọn kò rí ibi tí wọn yóò fi ẹ́sítírà táyà sí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n wá fún ọkọ̀ náà ní táyà alágbára kan tó lè rìn díẹ̀ síwájú sí i bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tilẹ̀ ti tán. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ayétòrò lóru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ fi ẹ́sítírà yín ṣe pàṣípààrọ̀.

Èyí tó sì le jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ara ọkọ̀. Sienna kò ní ṣásí lọ́tọ̀ bíi ti Hilux, níbi tí irin ńlá méjì ti gbé bọ́dì ró. Bọ́dì rẹ̀ gan-an ni ṣásí. Ibi tí dífù ẹ̀yìn yóò so mọ́, ilé-iṣẹ́ ni ó ti ń ṣètò ihò àti irin ìdúró síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wẹ́dà bá wá gé ilẹ̀ ọkọ̀ tó sì jó irin mọ́ ọn, ara ohun tó ń gba èrò là lọ́jọ́ ìjàm̀bá ni ó ń gé. Mi ò fi ojú kéré wẹ́dà ìlú wa, mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ ju ti ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè wọn bí irin náà yóò ṣe wó nígbà tí tírélà bá gbá a.

Èyí tó kù ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ. Ó ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, ó sì mọ irú gíábọ́ọ̀sì tó retí. Lára àwọn AWD ìgbà tó sún mọ́ wa, òun ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí ẹ̀yìn yóò gba agbára. Bí a bá gbé irin sí i láìgbé ọpọlọ àti wáyà rẹ̀ tẹ̀ lé e, iná ìkìlọ̀ yóò kàn máa tàn lójú awakọ̀ ni, pòròpẹ́là yóò sì wà lábẹ́ bí ẹrù lásán.

Ṣé a kò lè yọ ọ́ lára Highlander?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí pé ìbátan ni Highlander àti Sienna, tòkúnbọ̀ Highlander AWD sì pọ̀ ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ọ̀nà tó wà láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ti Highlander 2001 sí 2007 jẹ́ 2,715 mílímítà, ti Sienna 2004 sí 2010 sì jẹ́ 3,030. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 315, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ díẹ̀. Nítorí náà pòròpẹ́là Highlander kò ní dé ibi tó ń lọ, àfi kí a gé e kí a sì jó òmíràn mọ́ ọn.

Bí ọkọ̀ bá sì ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà rẹ̀ ń yí ní nǹkan bí 800 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, pòròpẹ́là sì ń yí ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Irin tó ń yí tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé bí ìgbá òṣùwọ̀n, nítorí pé bí apá kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, bẹ́rìn yóò fọ́, ó sì lè já lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù. Yàtọ̀ sí èyí, iye eyín gíá iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn dọ́gba ní ìṣirò. Bí iwájú bá fẹ́ yí ìgbà mẹ́wàá tí ẹ̀yìn sì fẹ́ yí mọ́kànlá lórí ọ̀nà kan náà, ìjà ni wọn yóò máa jà títí ọ̀kan yóò fi kú. Ẹni tó bá ń ṣa irin kọ̀ọ̀kan láti ara ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí, kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú wọ̀n.

Nígbà wo wá ni ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe bí a bá rí Sienna AWD odidi, ti ọdún kan náà, tí ìjàm̀bá bà lára jẹ́ ṣùgbọ́n tí abẹ́ rẹ̀ pé, kí a wá kó gbogbo abẹ́ náà, gíábọ́ọ̀sì, wáyà àti ọpọlọ rẹ̀, sí ara tiwa. Níbẹ̀ náà, iṣẹ́ irin ilẹ̀ ọkọ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bá gíábọ́ọ̀sì wá, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò ní bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu mọ́, ẹ ó sì ní láti tún un ṣe kí ẹ tó pàdé àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Nígbà tí a bá fi parí rẹ̀, owó ọkọ̀ méjì ni a ti ná láti gun ọkọ̀ kan. Ní tèmi, ẹni tó bá rí Sienna AWD bẹ́ẹ̀ rà, kí ó kúkú wá èyí tó pé tí kò ní ìjàm̀bá lára, kí ó sì ta tirẹ̀.

Kí ni ẹni tí kò fẹ́ tú ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe?

Mo kọ́kọ́ bẹ bàbá náà pé kí wọ́n jẹ́ kí a wo táyà iwájú wọn. Eyín rẹ̀ ti tán, ó dán bí orí apárí. Táyà tí eyín rẹ̀ jìn ni ó ń gé ẹrẹ̀ tí ó sì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí irú AWD tí yóò fi táyà dídán ṣe nǹkan kan ní orí ẹrẹ̀, nítorí pé táyà mẹ́rin tó ń yọ̀ kò sàn ju méjì tó ń yọ̀ lọ. Èyí ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí.

Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ gun òkè ẹlẹ́rẹ̀, ẹ kó ẹrù tó wúwo sún síwájú, kí àwọn èrò ìlà ẹ̀yìn sì sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀; inú wọn kò ní dùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n ti ọkọ̀ lọ. Ẹ fi gíá kékeré bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ má dúró láàárín, kí ẹ má sì tẹ epo mọ́lẹ̀ wuruwuru. Lára àwọn Sienna kan, ètò kan wà tó máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù nígbà tí táyà bá ń yí lásán. Ó dára lójú ọ̀dà tó tutù, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ jíjìn ó lè pa ìsáré tí ẹ nílò. Bí bọ́tìnnì rẹ̀ bá wà lọ́kọ̀ yín, ẹ pa á kí ẹ tó gùn, kí ẹ sì tan án padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ: AWD kò kọ́ ọkọ̀ láti dúró. Gbogbo ọkọ̀ ni ó ń fi bíréèkì mẹ́rin dúró, nítorí náà nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, AWD àti tiwa kò yàtọ̀, àfi pé AWD wúwo jù.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀nà ni ó ń ṣàìsàn, kì í ṣe ọkọ̀. Orí àpáta ni a tẹ ìlú wa dó, àwọn tó ń fọ́ òkúta kò sì jìnnà sí wa ní apá Ọ̀dẹ̀dá. Owó tí ẹnìkan yóò fi yí abẹ́ Sienna kan ṣoṣo padà yóò ra òkúta wẹ́wẹ́ tó pọ̀ tó láti bo ibi tó burú jù lọ ní òkè náà, gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò. A kò tíì gbọ́hùn kan náà.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ra AWD ńkọ́?

Ẹ má ṣe gba lẹ́tà AWD tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ gbọ́. Owó kékeré ni wọ́n ń ta lẹ́tà náà, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo abẹ́. Bí kì í bá ṣe èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tí ẹ kò sì rí irin gbọọrọ tó ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà, àti kókó irin bí orí ènìyàn láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kì í ṣe AWD. Ẹ wá a lọ sí gbangba, kí ẹ yí sítíárì dé òpin, kí ẹ rìn yípo díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń ja ara rẹ̀ tàbí tó ń dún kú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, ìwà tí a fi ń ra táyà tòkúnbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dópin. Táyà tuntun fi díẹ̀ tóbi ju èyí tó ti jẹ lọ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni yóò máa mú kí ohun èlò tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ láìsinmi, títí yóò fi jóná. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ máa pààrọ̀ papọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì dífù ẹ̀yìn pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí pé ó wà.

Bí ọkọ̀ náà bá sì bàjẹ́ lọ́nà, tí àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ bá dé, tí wọ́n fẹ́ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí ẹ̀yìn máa yí lórí títì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún Sienna yòókù, ẹ dá wọn dúró. Ọkọ̀ tó lè gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ ni kí wọ́n mú wá, nítorí pé táyà ẹ̀yìn tó ń yí nígbà tí iwájú dúró lè ba ohun èlò àárín náà jẹ́ kí wọ́n tó dé Pánṣẹ́kẹ́.